Ìfúnpá Kọ́ Ló Ń Pa Kòkòrò

Autoclave ni ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn àti yàrá àyẹ̀wò fi ń pa gbogbo kòkòrò tó bá wà lára ohun èlò iṣẹ́, láìku ẹyọ kan. Ìkòkò onírin ni, ìdérí rẹ̀ le, ó sì dí pinpin. Omi ló ń hó nínú rẹ̀, ooru omi náà kò sì rí ibi jáde, títí ìgbóná rẹ̀ yóò fi kọjá ti omi híhó lásán. Àlùmọ́gàjí tí agbẹ̀bí fi ń gé ìwọ́ ọmọ, ọ̀bẹ tí dókítà fi ń la ikùn, gọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń di ojú egbò, àwo tí wọ́n gbin kòkòrò sí nínú yàrá àyẹ̀wò, gbogbo wọn ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ̀rọ yìí bá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, aláìsàn kì í mọ̀ pé ó wà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, egbò tó yẹ kó ti jiná a bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀, abiyamọ tó yẹ kó ti máa lọ sílé a dùbúlẹ̀ ti ibà, wọn a sì máa wá ẹni tó ṣe é níbi tí kò sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé omi híhó ti tó fún iṣẹ́ yìí. Òótọ́ ni pé omi tó bá hó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ń pa púpọ̀ nínú bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò kan wà tí omi híhó kò ràn. Èyí tó ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, tó ń gbé inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran, wà lára wọn; èyí tó ń mú kí ẹran ara ẹni tó fara pa jẹrà, kó sì wú fún afẹ́fẹ́, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ara bá ni wọ́n, wọn a wọ inú èèpo líle kan lọ, wọn a gbẹ síbẹ̀, wọn a sì máa dúró de ọjọ́ tí nǹkan yóò rọrùn. Spore ni àwọn onímọ̀ ń pe kòkòrò tó bá wà nínú èèpo yìí. Spore mìíràn lè wà nínú omi tó ń hó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, kó bọ́ sójú egbò, kó sì jí padà. Nítorí náà, ìkòkò omi gbígbóná tó wà lórí sítóòfù nínú yàrá ìgbẹ̀bí kò lè dúró fún autoclave, bó ti wù kó hó pẹ́ tó.

Kì í ṣe gbogbo ohun èlò ló nílò irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Earle Spaulding, onímọ̀ kòkòrò ará Amẹ́ríkà, ló la ọ̀nà tí gbogbo ayé ń tọ̀ títí di òní. Ohun tó bá máa wọ inú ẹran ara tàbí inú ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò pátápátá. Ohun tó bá máa kan ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun tàbí ojú ara, oògùn apakòkòrò tó lágbára lè tó o bí kò bá ṣeé fi sínú ooru. Ohun tó bá jẹ́ pé awọ ara tí kò bó nìkan ló máa kàn, bí aṣọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́ kó mọ́. Ẹni tó bá mọ ìpín mẹ́ta yìí kò ní máa se ohun tí kò yẹ ní sísè, kò sì ní máa fi oògùn nu ohun tó yẹ kó wọ autoclave.

Ẹ̀rọ náà ti pẹ́. Ní ọdún 1679 ni Denis Papin, ará Faransé tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ìkòkò kan tó dí pinpin han àwọn onímọ̀, tó ń fi ooru omi se egungun títí yóò fi rọ̀. Òun náà ló fi fáàfù sí i kó má baà bú. Ó tó 200 ọdún kí ìkòkò yẹn tó di ti ilé ìwòsàn. John Tyndall ti fi hàn ní ọdún 1877 pé kòkòrò inú koríko gbígbẹ kì í kú nínú omi híhó. Ní ọdún 1879, Charles Chamberland, ọmọ iṣẹ́ Louis Pasteur ní Paris, ṣe autoclave fún yàrá àyẹ̀wò. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Ernst von Bergmann àti Curt Schimmelbusch ti sọ ọ́ di àṣà ní Berlin pé kí gọ́ọ̀sì àti aṣọ iṣẹ́ abẹ gba inú ooru omi kọjá kí wọ́n tó kan aláìsàn.

Agbára tí ooru omi ní ju ti afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ fíìfíì. Ẹni tó bá fi ọwọ́ sínú ààrò búrẹ́dì fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lè fà á jáde láìbó, bẹ́ẹ̀ ìgbóná inú ààrò náà lè tó 200°C. Ẹni tó bá ṣí ìkòkò mọ́ínmọ́ín, tí ooru ibẹ̀ fẹ́ lu ọwọ́ rẹ̀, a bó lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò ju 100°C lọ. Ohun tó fà á nìyí. Kí kílógíráàmù omi kan tó kúrò ní 0°C dé 100°C, yóò gba nǹkan bí 419 kilojoule. Kí omi náà tó di ooru pátápátá, yóò tún gba 2,257 kilojoule lé e, ìyẹn ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Ooru omi ń gbé gbogbo ẹrù yìí kiri. Nígbà tó bá fara kan irin tútù, a di omi padà lára irin náà, a sì sọ gbogbo ohun tó gbé sílẹ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rinrin tó dé pẹ̀lú ìgbóná yìí ló ń ba èròjà ara kòkòrò jẹ́, bí ẹyin ṣe ń dì nínú omi gbígbóná. Nítorí ọ̀rinrin náà ni 121°C fi lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú 15 ohun tí ààrò gbígbẹ ń lo wákàtí méjì fún ní 160°C.

Níbi ìfúnpá ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà ti ń ṣi nǹkan mú. Wọ́n gbà pé ìfúnpá ló ń tẹ kòkòrò pa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ìfúnpá ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí omi hó ní 100°C, ó ń tì í sókè. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́ dọ́gba pẹ̀lú òkun, bí ìfúnpá bá fi páùn 15 lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ju ti afẹ́fẹ́ ìta lọ, ooru omi tó mọ́ yóò wà ní 121°C. Bó bá fi nǹkan bí páùn 30 jù ú lọ, yóò wà ní 134°C. Níbi tí ilẹ̀ bá ga, bíi Jos, afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ fúyẹ́, géèjì tó bá kọ 15 níbẹ̀ kò sọ pé ìgbóná ti dé 121°C. Ooru àti àkókò ló ń pa kòkòrò. Géèjì kàn ń ròyìn ni, ìròyìn rẹ̀ sì lè má jóòótọ́.

Ohun tó ń mú géèjì parọ́ jù lọ ni afẹ́fẹ́. Kí wọ́n tó tan iná sí ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Bí wọn kò bá lé e jáde, yóò dàpọ̀ mọ́ ooru omi, yóò sì pín ìfúnpá pẹ̀lú rẹ̀. Géèjì kò mọ èyí tó jẹ́ ti afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti ooru. Bí géèjì bá wà lórí páùn 15, tí gbogbo afẹ́fẹ́ sì ti jáde, ìgbóná inú ẹ̀rọ jẹ́ 121°C. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá jáde, 115°C ni. Bó bá jẹ́ ìdajì, 112°C. Bí kò bá sí èyí tó jáde, nǹkan bí 100°C péré ni, ìyẹn ìgbóná omi híhó lásán, bẹ́ẹ̀ géèjì ṣì wà lórí 15 yẹn, kò kúrò. Afẹ́fẹ́ wúwo ju ooru omi lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ló máa ń rọ̀ sí, àti inú abọ́ tí wọ́n kọjú rẹ̀ sókè, àti àárín ẹrù aṣọ tí wọ́n dì le jù. Ohun tó wà lókè ẹ̀rọ lè bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò, kí ti ìsàlẹ̀ má bọ́, nínú ìsè kan náà.

Ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ ìyà ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1972, wọ́n fa omi ṣúgà sí iṣan àwọn aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Devonport. Ara àwọn kan nínú wọn yí padà lójijì, ikú ènìyàn márùn-ún ni wọ́n sì so mọ́ omi náà. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, Cecil Clothier tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ló darí rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe omi náà ń sè é nínú autoclave ní ọdún 1971, afẹ́fẹ́ ti há sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, àwọn ìgò tó wà níbẹ̀ kò sì gbóná tó bó ṣe yẹ. Tẹmómítà tó ń kọ ìgbóná sílẹ̀ fi hàn pé ìgbóná kò gòkè dé ibi tó yẹ, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé tẹmómítà náà ló bàjẹ́. Géèjì ìfúnpá ni wọ́n gbà gbọ́. Bakitéríà pọ̀ sí i nínú àwọn ìgò wọ̀nyẹn fún oṣù púpọ̀ kó tó di pé wọ́n gbé wọn dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn. Ẹ̀rọ ibẹ̀ kò kú, iná kò lọ, òṣìṣẹ́ kò sá níbi iṣẹ́. Ohun tí kò sí ni ẹni tó máa dá ìsè náà dúró nígbà tí àmì méjì kò bára mu.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lé afẹ́fẹ́ jáde ló pín autoclave sí oríṣi. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, ooru omi ń wọlé láti òkè, ó ń ti afẹ́fẹ́ wálẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba ojú ihò ìsàlẹ̀ jáde. Èyí tó dà bí ìkòkò, tí wọ́n ń gbé ka iná gáàsì tàbí kẹrosíìnì, jẹ́ ẹbí rẹ̀: kí wọ́n fi ẹnu fáàfù sílẹ̀ ní ṣíṣí títí ooru yóò fi máa tú jáde láìdáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kí wọ́n tó tì í. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tó ń lo irú ìkòkò yìí ni kí wọ́n máa kánjú ti fáàfù nítorí pé gáàsì wọ́n. Nínú oríṣi kejì, ẹ̀rọ kan ń fa afẹ́fẹ́ jáde léraléra kí ooru tó wọlé, tó fi lè dé inú ẹrù aṣọ àti inú ohun èlò oníhò. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké orí tábìlì tí àwọn dókítà eléyín ń lò pín sí ìpele pẹ̀lú: onípele N kò wà fún ju irin tí kò níhò, tí wọn kò sì dì, onípele B ló lè gba ohun tí wọ́n dì àti ohun tó níhò. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè èyí, nítorí pé ní ọjà, owó ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àfiwé.

Kí ohun èlò tó dé inú ẹ̀rọ, fífọ̀ ló ṣáájú, ibẹ̀ náà sì ni ìdajì iṣẹ́ wà. Ooru kì í gba inú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ kọjá dáadáa. Ó ń sè é mọ́ ara irin ni, kòkòrò a sì rí ibi sá pamọ́ sí lábẹ́ rẹ̀. Kété tí iṣẹ́ abẹ bá parí ni kí wọ́n ti rí i pé ohun èlò kò gbẹ, kí wọ́n fi omi àti ọṣẹ tó yẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n máa fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi kó má baà ta sí wọn lójú. Kí àlùmọ́gàjí àti gbogbo ohun tó ní oríkèé wà ní ṣíṣí. Kí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, nítorí abẹ́rẹ́ àti abẹ wà nínú ohun tó ń fọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ohun tí wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ gbogbo rẹ̀ sínú bíílíìṣì. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2016 ti ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró: bíílíìṣì ń jẹ irin, ẹ̀gbin ń sọ agbára rẹ̀ di yẹpẹrẹ, ó sì ń fún òṣìṣẹ́ ní ìbàlẹ̀ ọkàn tí kò yẹ. Àṣà yìí ṣì wà káàkiri, ó sì yẹ kí àwọn tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ wọn.

Lẹ́yìn fífọ̀ àti gbígbẹ ni dídì. Ìpele aṣọ méjì tàbí bébà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà ló yẹ, nítorí pé ooru lè gba inú wọn kọjá. Ọ̀rá lásán kò jẹ́ kó kọjá. Bó bá jẹ́ àpótí onírin oníhò ni, kí ihò rẹ̀ wà ní ṣíṣí bó bá ń wọlé, kí wọ́n sì tì í bó bá jáde. Ẹrù kò gbọ́dọ̀ kún ẹ̀rọ bámúbámú. Kí abọ́ fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí àpò bébà dúró lórí etí wọn, kí ohunkóhun má fara ti ara ẹ̀rọ. Omi tó ti bọ́ lọ́wọ́ iyọ̀ ni kí wọ́n bù sí i. Omi kànga àti omi ẹ̀rọ tó ní èròjà ilẹ̀ ń fi ìpẹ́ funfun sára irin tó ń gbé iná, yóò sì jó ní àìpẹ́ ọjọ́.

Àkókò kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n tan iná. Ìgbà tí ìgbóná bá dé ibi tó yẹ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Fún ohun èlò tí wọ́n dì, tó wà nínú ẹ̀rọ tí kì í fa afẹ́fẹ́ jáde, ìṣẹ́jú 30 ní 121°C ni; nínú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin ní 132°C, tàbí mẹ́ta ní 134°C. Bí iná ìjọba bá lọ ní ìṣẹ́jú kẹwàá, kò sí pé wọ́n ń parí èyí tó kù nígbà tó bá dé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò tún ti ṣe é. Lẹ́yìn náà ni gbígbẹ. Ẹrù tó bá jáde ní tútù kò ṣeé lò, nítorí pé omi tó wà lára aṣọ náà ni kòkòrò ara ọwọ́ àti ti orí tábìlì yóò gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gbé ẹrù gbígbóná lé orí símẹ́ńtì tútù.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí wọ́n gbé sínú autoclave rárá. Òróró, ìyẹ̀fun oògùn àti ìpara Vaseline kò jẹ́ kí ooru omi dé inú wọn; ààrò gbígbẹ ni tiwọn. Ike tó ń yọ́ àti ohun èlò oníná nílò ọ̀nà mìíràn. Bíílíìṣì kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, nítorí gáàsì olóró tó ń tú jáde. Síríǹjì ẹlẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá ti lò ó, ibi tí wọ́n ti ń dáná sun ìdọ̀tí ló kù fún un. Sísè é kí wọ́n lè tún un lò jẹ́ ìwà tí kò ní àwíjàre.

Nínú yàrá àyẹ̀wò, iṣẹ́ autoclave jẹ́ méjì tí wọ́n dojú kọ ara wọn: ó ń sọ oúnjẹ tí wọ́n fi ń gbin kòkòrò di mímọ́ kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń pa kòkòrò tí wọ́n ti gbìn lẹ́yìn tí àyẹ̀wò bá parí. Ó dára kó jẹ́ ẹ̀rọ méjì, ọ̀kan fún iṣẹ́ mímọ́, ọ̀kan fún ìdọ̀tí. Oúnjẹ kòkòrò tó pọ̀ jù lọ ń gba ìṣẹ́jú 15 ní 121°C. Èyí tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ ń fẹ́ ìgbóná tó rẹlẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ṣúgà ń jó. Àwọn mìíràn, bíi XLD tí wọ́n fi ń wá kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti TCBS tí wọ́n fi ń wá ti kọ́lẹ́rà, kò gbọ́dọ̀ wọ autoclave rárá. Híhó ni wọ́n ń hó wọn, ooru tó pọ̀ ń ba èròjà wọn jẹ́. Onímọ̀ àyẹ̀wò tó bá se TCBS nínú autoclave lè sọ fún ìlú pé kò sí kọ́lẹ́rà nígbà tó wà. Ìgò omi kò gbọ́dọ̀ kún, kí wọ́n tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìfúnpá rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ti ìdọ̀tí ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú 30 sí 60, kí ẹnu àpò wà ní ṣíṣí, kí wọ́n sì bu omi díẹ̀ sí i, torí pé afẹ́fẹ́ tó há sínú àpò dídì ló ń gba kòkòrò là. Abẹ́rẹ́ tó bá jáde nínú ìsè náà ṣì mú bó ṣe mú. Kó tó dé orí ààtàn tí àwọn tó ń ṣa irin àti ike ń rìn lé, ó yẹ kó ti jóná tàbí kó ti di lílọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìsè kan yọrí? Tépù tó ń yọ ilà dúdú lẹ́yìn ìsè kò sọ ju pé ohun tó wà lára rẹ̀ ti rí ooru. Kò sọ iye ìṣẹ́jú tó lò nínú rẹ̀, kò sì sọ bóyá ooru dé àárín ẹrù. Àmì oníkẹ́míkà tí wọ́n ń fi sínú ẹrù sàn jù ú lọ. Nínú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́, àyẹ̀wò tí J. H. Bowie àti J. Dick gbé kalẹ̀ ní ọdún 1963 ni wọ́n ń ṣe ní àárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń fi àmì sí àárín ẹrù aṣọ, bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá yí padà délé-dóko, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀rí tó ga jù ni ti spore. Geobacillus stearothermophilus ni orúkọ bakitéríà tí wọ́n ń lò, kì í fa àrùn, ṣùgbọ́n spore rẹ̀ le ju ti gbogbo àwọn tó ń fà á lọ. Wọ́n ń fi bébà tó ní ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀ sí àárín ẹrù. Lẹ́yìn ìsè, wọ́n ń gbé e sínú oúnjẹ kòkòrò ní ìgbóná tó wà láàárín 55°C sí 60°C. Bí kò bá hù, tí èyí tí wọn kò sè sì hù, ìsè náà yọrí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ló yẹ kí wọ́n ṣe é. Kí gbogbo ìsè sì wọ inú ìwé: ọjọ́, nọ́ńbà ìsè, ohun tó wà nínú rẹ̀, ìgbóná, ìfúnpá, ìṣẹ́jú, àbájáde àmì, àti orúkọ ẹni tó sè é. Láìsí ìwé yìí, bí egbò aláìsàn mẹ́ta bá kẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá ìsè kan náà ni ohun èlò wọn ti wá.

Ẹ̀rọ náà lè ṣe ẹni tó ń lò ó léṣe. Ìdérí tí wọ́n fi ipá ṣí kí ìfúnpá tó lọ tán a máa fò. Omi inú ìgò tó dà bí èyí tó ti tutù a máa hó lójijì bí wọ́n bá mì ín, nítorí náà kó tó wọ abẹ́ 80°C, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wáyà tí àwọn kan fi ń so fáàfù ààbò mọ́lẹ̀ nítorí pé ó ń tú ooru jáde ń sọ ìkòkò náà di bọ́ǹbù. Bí fáàfù bá ń tú, kí wọ́n pa iná, kí wọ́n wá ìdí rẹ̀. Rọ́bà etí ìdérí tó ti sán kò ṣeé fi aṣọ dí.

Ibi tí àìsí sísè tó péye lè gbé ni dé ti hàn ní Yambuku, ní Zaire ìgbà náà, ní ọdún 1976. Síríǹjì àti abẹ́rẹ́ márùn-ún ni ilé ìwòsàn míṣọ́nnárì ibẹ̀ ń kó fún àwọn nọ́ọ̀sì láràárọ̀. Láàárín aláìsàn kan sí òmíràn, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú abọ́ ni wọ́n fi ń ṣan wọ́n. Nírọ̀lẹ́, ìgbà mìíràn ni wọ́n ń hó wọn. Abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn wà lára ohun tó tan Ebola káàkiri láàárín àwọn aláìsàn. Ènìyàn 318 ló kó o, 280 kú. Ní àwọn ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF kó ìkòkò autoclave kéékèèké tí wọ́n ń gbé ka sítóòfù fún àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà sókè. Ní ọdún 1999, wọ́n ní kí gbogbo ètò àjẹsára lọ sórí síríǹjì tó ń bàjẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára yanjú lọ́nà yẹn. Ti àlùmọ́gàjí agbẹ̀bí, ohun èlò ìkọlà, irin eléyín àti ti iṣẹ́ abẹ kò lè yanjú bẹ́ẹ̀, nítorí pé a kò lè máa da irin nù lójoojúmọ́.

Ní Nàìjíríà, ohun tí ìjọba sábà máa ń ṣe ni kó ra ẹ̀rọ, kó sì yàwòrán pẹ̀lú rẹ̀. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì ń wá owó epo, kò nílò ẹ̀rọ ńlá tó ń fa afẹ́fẹ́. Ìkòkò tó ṣeé gbé ka gáàsì, tó ní géèjì àti tẹmómítà, tí ẹni kan sì mọ̀ ọ́n lò, yóò gba ẹ̀mí là ju ẹ̀rọ olówó ńlá tí wọ́n fi aṣọ bò sí igun yàrá lọ. Owó tí ìjọba ìbílẹ̀ bá yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní owó rọ́bà ìdérí, irin tó ń gbé iná, omi tí kò níyọ̀, àmì oníkẹ́míkà àti bébà spore nínú, lọ́dọọdún, kì í ṣe ní ọdún tí wọ́n rà á nìkan. Ó sì gbọ́dọ̀ ní owó oṣù ẹni tó máa tún un ṣe. Iṣẹ́ sísè yìí ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n ń tì í sí, láìkọ́ ọ ju bí wọ́n ṣe ń tan iná rẹ̀ lọ. Ó yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ tó lórúkọ, tó ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tó sì ní ìgbéga tirẹ̀.

Àwọn àjọ tó lágbára láti béèrè wà. HEFAMAA ló ń forúkọ ilé ìwòsàn sílẹ̀, tó sì ń bẹ̀ wọ́n wò ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò, MLSCN, ló ń mójú tó yàrá àyẹ̀wò káàkiri orílẹ̀-èdè. Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn kò pọ̀: ìwé àkọsílẹ̀ ìsè oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, àbájáde àyẹ̀wò spore tó kẹ́yìn, ọjọ́ tí wọ́n dán fáàfù ààbò wò, àti ẹrù kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè, kí wọ́n tú u lójú wọn láti wo bóyá ó gbẹ àti bóyá àmì tó wà nínú rẹ̀ ti yí àwọ̀ padà. Ilé ìwòsàn tí kò bá ní ìwé náà, kí wọ́n dá iṣẹ́ abẹ rẹ̀ dúró títí yóò fi ní in. Kí àbájáde ìbẹ̀wò náà sì wà lára ògiri níbi tí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ti ń jókòó dúró, ní èdè tí wọ́n lè kà.